Ṣùkúrátù Tí Kì í Yára Ta Àgbo

Bó bá jẹ́ oògùn wàràwàrà lẹ ń wá, ẹ má yà sí ṣọ́ọ̀bù Ṣùkúrátù Fàsásì ní Amukoko. Ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ fi da yín láàmú! Kí lẹ jẹ lánàá? Ibo lẹ ń sùn? Ta ló ń mú inú bí yín? Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ ìwòsàn àdáyébá, ohun tó sì dì mú níbẹ̀ ni pé ara ló ń wo ara rẹ̀ sàn. Iṣẹ́ oníwòsàn ni kó wá gbòǹgbò àìsàn, kó mú un kúrò, kó má sì dá kún ìyà aláìsàn.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Bernice aránṣọ gbé Àdùfẹ́, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, wọlé. Láràárọ̀ lorí ń fọ́ ọmọ náà, tó sì ń bì. Wọ́n ti fún un lóògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ ńṣe ló ń rù sí i. Ẹ̀rù ń ba Bernice pé ọmọ fẹ́ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, àgbo yín tó le jù ni kẹ́ ẹ fún mi."

"Mi ò ní fún ẹ. Ìgbà wo ni kì í ṣe é?"

Bernice ronú. "Tó bá lọ sùn lọ́dọ̀ màmá mi ní Àpápá. Kì í ṣe é rárá níbẹ̀."

Ṣùkúrátù fò dìde! "Ilé yín ló ń ṣàìsàn! Gbé e, ká lọ."

Kẹ̀kẹ́ gbé wọn dé ilé Bernice ní Boundary. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn Bernice, wọ́n fi ṣéènì de jẹnẹrétọ̀ kan mọ́ irin fèrèsé. Èéfín rẹ̀ tó ń wọlé lóru ti sọ ògiri di dúdú. Chukwuma aládùúgbò tó ni ín yarí nígbà tí Ṣùkúrátù ní kó gbé e jáde.

"Madam, if I put am outside, thief go carry am!"

"Thief go carry gen. Smoke go carry una all, you and your own pikin!"

Chukwuma wo Àdùfẹ́ títí, ló bá lọ mú kọ́kọ́rọ́ ṣéènì náà wá. Kí oòrùn tó wọ̀, jẹnẹrétọ̀ ti wà lẹ́yìn ilé lọ́hùn-ún, wọ́n sì ri irin mọ́ sìmẹ́ǹtì láti fi dè é. Ṣùkúrátù kò tíì jẹ́ kí Bernice sinmi: ó lé e lọ sí ọsibítù kí dókítà yẹ ọmọ wò kíákíá, nítorí èéfín kì í ṣeré.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Bernice pè é. Ló bá gbé fóònù fọ́mọ.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ti jẹ ẹ̀kọ méjì, mọ́mì ò fẹ́ fún mi ní ẹ̀kẹta. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n!"