Aṣọ Ìnulẹ̀ Tí Àbúrò Mi Kò Lè Sọ Nù

Ikọ́ ni a fi ń mọ̀ pé àbúrò mi ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ lẹ́nu géètì, ikọ́ rẹ̀ á ti wọlé ṣáájú, ikọ́ gbígbẹ kan báyìí, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wọ́ àga lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Àwọn ọmọ inú ilé á pariwo pé, "Má-sọọ́nù ti dé o!" Èmi á sì gbé omi rẹ̀ kaná.

Kì í ṣe orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, orúkọ náà sì tẹ̀ lé e wálé bí ológbò. Kò bínú sí i rí. Ó ní òun ò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti fún òun, òun ò ní sọ ọ́ nù.

Opó ni òun, opó ni èmi. Yàrá méjì la háyà nínú ilé kan tí gbogbo ayálégbé rẹ̀ ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan ṣoṣo láàárín àgbàlá. Èmi ń bá àwọn ènìyàn tún aṣọ rán. Òun ń gbálẹ̀ nínú ilé gíga kan tó kún fún ọ́fíìsì láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọmọge ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tó fi fẹ́ ọkọ, ibẹ̀ ló wà tó fi sin ọkọ, ibẹ̀ náà ni irun orí rẹ̀ ti funfun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó pa á ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló ń so ìgbálẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Á fi ọ̀bẹ ha imọ̀ ọ̀pẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, á lu ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó lè dọ́gba, á wá fi okùn aṣọ dì í pinpin. Ìgbálẹ̀ tuntun wà fún inú yàrá. Bó bá jẹ díẹ̀, ó di ti ẹnu ọ̀nà. Bó bá tún jẹ, ó di ti kọ̀rọ̀ àti abẹ́ àga. Bó bá wá ku kúkúrú bí ọwọ́ ọmọdé, á fi máa ha ìdí garawa. Bákan náà ló ń ṣe aṣọ. Ìró tó bá gbó á di aṣọ ìbora, aṣọ ìbora á di àkísà ojú fèrèsé, àkísà ojú fèrèsé á di ti ilẹ̀, ti ilẹ̀ á sì di ohun tí a ń nu ẹsẹ̀ sí. Mi ò mọ ìgbà tí nǹkan kan kú pátápátá lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò ní tìtorí pé ó ti kú kí n wá máa yin ìgbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ ló ba àyà rẹ̀ jẹ́. Nílé, a máa ń wọ́n omi sílẹ̀ kí a tó gbá a, kí eruku má baà gbéra. Ní ọ́fíìsì, wọn ò gbà fún un, wọ́n ní ilẹ̀ tútù á máa yọ̀ mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́sẹ̀. Gbígbẹ ló ń gbá a, eruku yẹn ló sì ń fà símú láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Nígbà tí ikọ́ náà kò lọ mọ́, mo fà á lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀ níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn, ó yọ ohun tó fi ń gbọ́ ọ kúrò létí.

Ó ní, "Màmá, eruku ti jókòó sí yín láyà, kò sì ní dìde mọ́. Èémí tó ṣẹ́kù fún yín yìí, ẹ máa ṣọ́ ọ lò."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní, "Dókítà, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí ohun tí mi ò mọ̀ ọ́n ṣọ́ lò."

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, èémí rẹ̀ di ohun tí mò ń ṣọ́ bí ẹni ń ṣọ́ iná àbẹ́là nínú afẹ́fẹ́. Bó bá ń sùn, mò ń gbọ́ ọ. Bó bá ń rojọ́, mò ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí láàárín ọ̀rọ̀.

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé alábòójútó tuntun wá fún wọn níbi iṣẹ́, ọmọbìnrin kan báyìí tí àbúrò mi lè bí, tó ń wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó sì ń sáré sọ̀rọ̀. Ó kó gbogbo ìgbálẹ̀ àti àkísà wọn jọ, ó ní ó parí. Páálí ni ó já sílẹ̀ fún wọn. Inú páálí yẹn ni aṣọ ìnulẹ̀ wà, tútù tútù, oògùn ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí búlúù wà fún ilẹ̀ àti tábìlì, omi bílíìṣì tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun ni wọ́n rẹ ẹ́ sí. Èyí pupa wà fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, oògùn kíkan tó ń jẹ ìdọ̀tí ara àwo ló wà lára tirẹ̀. Bí o bá ti nu nǹkan lẹ́ẹ̀kan, kí o sọ ọ́ nù, kí o fa òmíràn yọ.

Alábòójútó náà mú àbúrò mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Màmá, nítorí àyà yín gan-an ni inú mi ṣe dùn sí i. Kò ní sí eruku mọ́."

Òótọ́ ló sì sọ. Oṣù náà kò tíì parí tí ikọ́ náà fi rọlẹ̀. Àwọn ọmọ inú ilé kò mọ ìgbà tó ń wọlé mọ́. Mo sùn, mo sinmi. Nínú ọkàn mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ páálí.

Àfi ọjọ́ tó gbé ọ̀rá ńlá kan wálé.

Mo ní, "Kí lèyí?"

"Aṣọ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Aṣọ ta?"

"Aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ rí. Ẹ wá fọwọ́ kàn án. Mo fi nu tábìlì kan péré, wọ́n ní kí n sọ ọ́ nù. Aṣọ tó nípọn ju ìró ìgbéyàwó mi lọ!"

"Ìró ìgbéyàwó rẹ ọ̀hún dà, tí o fi ń fi wé e?"

"Orí rẹ̀ lẹ dúró lé yẹn."

Mo wo ilẹ̀. Lóòótọ́ ni. Òun la ń nu ẹsẹ̀ sí lẹ́nu ọ̀nà. A jọ rẹ́rìn-ín ọjọ́ náà títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ó fọ àwọn aṣọ náà lẹ́nu ẹ̀rọ, ó sá wọn sórí okùn, wọ́n kún okùn láti ògiri dé ògiri. Ó fún mẹkáníìkì tí a jọ ń gbé ní èyí tí yóò máa fi nu ọ̀rá mọ́tò kúrò lọ́wọ́. Ó gé òmíràn wẹ́wẹ́ fún mi kí n máa fi nu ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Èyí búlúù nìkan ló kọ́kọ́ ń kó wálé. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó pupa náà.

Ìyàwó mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò fi ẹ̀gàn sọ ọ́, àmọ́ àgbàlá gbọ́.

Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé èyí pupa yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń nu ibi tí àwọn àgbà ọlọ́fíìsì ń jókòó sí? Ibi tí mo ti ń fọ aṣọ ọmọ mi náà lẹ ti ń fọ̀ ọ́?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín láti inú yàrá rẹ̀. Àbúrò mi dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, omi ń kán tó-tó-tó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "O ò jẹ̀bi, ìyàwó wa. Mo ti gbọ́." Ojú tì í débi pé kò jẹun ní ọjọ́ náà.

Mo sọ fún un pé, "Fi aṣọ yìí sílẹ̀. Wọ́n ní kí o sọ ọ́ nù, sọ ọ́ nù. Ṣé ìwọ lo ra á ni?"

Ó ní, "Mo ti gbìyànjú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ mi ló ń kọ̀ ọ́. Èmi náà sì ti gbó. Tí mo bá jẹ́ kí sísọ nǹkan nù mọ́ wọn lára, ta lẹ rò pé wọ́n á fi dánra wò?"

Bó ṣe máa ń fi ẹ̀fẹ̀ pa mí lẹ́nu mọ́ nìyẹn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń tú ìdí aṣọ ilé ìwé ọmọ oníbàárà mi kan. Àbúrò mi gbé ọ̀rá rẹ̀ kọjá lára mi, ó gbé garawa omi gbígbóná, ó wọ ilé ìwẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà rí i ni. Ilé ìwẹ̀ wa kò ju ibi tí ènìyàn méjì lè dúró sí lọ, wọ́n sì ti fi ọ̀rá dí fèrèsé rẹ̀ látìgbà òjò. Kí omi tó ti fi fọ aṣọ má baà ṣàn jáde sí àgbàlá kí ìyàwó mẹkáníìkì tún wá rí i, ó ti ká ìró ìgbéyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa dání, ó fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn láti inú.

Ó da búlúù àti pupa pọ̀ sínú omi gbígbóná. Ó wá da bílíìṣì tirẹ̀ lé e lórí, kí wọ́n lè funfun báláú, kí ẹnikẹ́ni má lè fojú ìríra wò wọ́n mọ́.

Mo gbọ́ tó húkọ́. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn, mo sì gbé orí sókè. Ó tún húkọ́, kì í ṣe ikọ́ tí mo mọ̀. Èyí ń fa nǹkan bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn.

Mo ní, "Kí ló dé?"

Ó ní, "Mò ń bọ̀."

Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo dìde, aṣọ já bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Mo ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Kò fi ìkọ́ há a. Ìró yẹn ló há sí abẹ́ rẹ̀, bí mo ṣe ń tì í ló túbọ̀ ń ká jọ. Mo kígbe. Ìyàwó mẹkáníìkì gbé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré dé, ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn náà títí ó fi yẹ̀. Òórùn tó jáde gún wa lójú bí abẹ́rẹ́. Òun ló di èémí mú wọlé, òun ló sì wọ́ àbúrò mi jáde ní apá.

Ó la ojú sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, afẹ́fẹ́ kò wọlé. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Ó na ọwọ́ sí ilé ìwẹ̀.

Ó ní, "Omi yẹn... ó ṣì gbóná. Ẹ má dà á nù."

A gbé e dé ilé ìwòsàn nínú mọ́tò mẹkáníìkì, wọ́n fi nǹkan bò ó nímú, àmọ́ kí oòrùn tó wọ̀, ó ti tán. Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó wà nínú garawa lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún un. Ó mi orí. Ó ní oògùn ara búlúù àti oògùn ara pupa, wọn kò gbọ́dọ̀ pàdé. Bí wọ́n bá pàdé, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára wọn burú fún ẹni tí àyà rẹ̀ le koko, ká má wá sọ ti àbúrò mi.

Alábòójútó wá kí mi. Ó kúnlẹ̀, ó sunkún débi pé èmi ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé, "Màmá, mo sọ fún wọn pé kí wọ́n máa sọ ọ́ nù. Mo sọ fún wọn."

Mo ní, "O sọ fún un, ọmọ mi."

Ó sọ lóòótọ́. Ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nù ni ẹnikẹ́ni kò sọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára páálí ní lẹ́tà wínníwínní, páálí sì ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń sọ nù.

Lẹ́yìn tí àwọn tó wá kí mi ti lọ tán, mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo kó gbogbo aṣọ náà jọ, èyí tó wà lórí okùn àti èyí tó gbẹ mọ́ garawa. Mo kó wọn sínú ọ̀rá, mo so ó. Nígbà tí akólẹ̀ ti ọmọlanke rẹ̀ dé ẹnu géètì, mo gbé e fún un. Géńdé ọkùnrin ni, ó fi aṣọ wé imú. Ó tú ẹnu ọ̀rá, ó sì yọ ọ̀kan jáde.

Ó ní, "Ah, Màmá! Ìwọ̀nyí ṣì dáa o. Ẹ wò ó bó ṣe mọ́. Ìyàwó mi á rí i lò."

Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dá a padà sínú ọ̀rá. Mo ní, "Kò dáa. Ó ti pa ènìyàn."

Ó rò pé ìbànújẹ́ ló ń dà mí láàmú. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ó so ọ̀rá náà, ó gbé e síwájú, lọ́tọ̀, níbi tí wọ́n ń kó ohun tó bá ṣì wúlò sí. Ó ti ọmọlanke lọ. Kí ó tó yà ní kọ̀rọ̀, mo gbọ́ tó húkọ́, gbígbẹ, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wọ́ àga lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì.

Mo tẹ̀ lé e. Ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, mo ní kí ó tú ọ̀rá náà sínú kòtò lójú mi. Ó wò mí, kò janpata mọ́, ó tú u, ó sì wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ìdọ̀tí díẹ̀ já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kòtò. Ó fa ìgbálẹ̀ yọ láti fi gbá a wọlé, eruku sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra lọ sí ojú rẹ̀.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Wọ́n omi sí i ná, ọmọ mi. Wọ́n omi sí i kí o tó gbá a."