Ìṣẹ́tí Dúdú Lára Káàdì Ìgbéyàwó

Lọ́dún tí Gàbọ́ọ̀nù gba òmìnira, Buraimoh tó ń ta òwú, fìtílà àti ìwé ọmọléèwé ní Rio, àdúgbò kan ní Libreville, ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ní gbogbo ìlú ló máa fẹ́ àsíá. Ló bá lọ kó páálí mẹ́sàn-án bébà aláwọ̀: àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti búlúù. Ìlú fẹ́ àsíá lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ ni wọ́n fi rán an. Bébà Buraimoh jókòó sígun ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo oníbàárà, oníbàárà náà ń wò ó. Nígbà tí ọdún fi yí po, èyí tí eku jẹ níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí èèyàn rà lọ.

Sìkírátù ìyàwó rẹ̀ ni àánú bébà náà ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọjà dákẹ́, ó ṣẹ́ ewé kan po lẹ́ẹ̀mẹrin, ó fi àlùmọ́gàjí gé e níhìn-ín, ó gé e lọ́hùn-ún, ó tú u, òdòdó ńlá là sójú rẹ̀. Ó pariwo débi pé ọkọ rẹ̀ rò pé àkekèé ta á. Láti ọjọ́ náà ni bébà ti rí olówó orí fẹ́. Ẹni tó bímọ, káàdì. Ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú ọdún, káàdì. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, Sìkírátù á ti gé ẹyẹ sára káàdì fún un kó tó dìde. Làfún tó rò bí ẹ̀kọ ló fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, bí ìyá rẹ̀ tó ń pa aró ní Òṣogbo ti máa ń fi làfún ya ọnà sára àdìrẹ.

Káàdì rẹ̀ kò jọ tẹnikẹ́ni. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan wà létí òkun tó ń ta ti Faransé, funfun báláú, pẹ̀lú ìlà góòlù tẹ́ẹ́rẹ́ kan níkọ̀rọ̀. Nígbà tí Sìkírátù kọ́kọ́ rí i, ó yí i padà wẹ́yìn, ó bi olùtajà pé nígbà wo ni wọ́n máa parí rẹ̀. Lójú tirẹ̀, àwọ̀ kò gbọdọ̀ dá wà: bí ìyeyè bá wà, ó yẹ kí ewé dì í mú, kí nǹkan tó ṣókùnkùn sì yí gbogbo wọn ká. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé aṣọ tí kò ní ìṣẹ́tí, ojú ọ̀nà ló máa tú sí. Kò sí káàdì Sìkírátù tí kò ní ìṣẹ́tí.

Buraimoh kò bá a jà. Ohun kan ṣoṣo ló sọ.

“Ìyá Àlíù, mo gbọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí oníbàárà kan bá gbé ẹjọ́ káàdì wá bá mi nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, àlùmọ́gàjí á padà sínú àpótí. Bébà tó bá kù, ẹ̀pà ni màá fi pọ́n.”

“Kò sẹ́ni tó máa gbé ẹjọ́ wá, Bàbá Àlíù,” Sìkírátù dáhùn.

Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́ ni o, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ já. Nínú gbogbo wákàtí tó ń lò ní Libreville, ìgbà tó bá ń gé bébà nìkan ni kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni, tí kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni, tí kì í sì í ṣe àjèjì. Bí wọ́n bá gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ohun tí yóò kù.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe wà tí Célestine fi dé. Aránṣọ ni Célestine, ará Atong Abè, ọ̀dọ̀ Buraimoh ló sì ti ń ra òwú. Ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ọmọbìnrin rẹ̀, Marie-Thérèse, fẹ́ fẹ́ akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Clément lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ó sì fẹ́ ogójì káàdì.

“Funfun ni o,” ó ní. “Mi ò fẹ́ àwọ̀ ọjà, mi ò fẹ́ àwọ̀ oko. Funfun bíi ti Faransé. Kí o wá ṣe ti Gaston kó dára ju gbogbo èyí tó kù lọ.”

Gaston ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, káfíńtà ní Sibang. Ọdún mẹ́fà rèé tí wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wọn ló sì dá a sílẹ̀. Célestine gbé e lọ lẹ́yìn ìsìnkú, Gaston ní ìyàwó òun ló tọ́ sí, olúkúlùkù sì ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìdílé wọn, arákùnrin ìyá ló ń fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Célestine ti ránṣẹ́ sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kò dáhùn.

“Bó bá rí káàdì tó rẹwà, bóyá ojú á tì í,” Célestine wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Sìkírátù ti mọ̀ ọ́n.

Sìkírátù ra bébà funfun, ó gé ogójì káàdì. Ó gbé wọn lọ fún Norbert, ará Àjàṣẹ́ tó ń bá àwọn èèyàn kọ lẹ́tà lẹ́bàá títì, Norbert sì kọ Faransé sínú gbogbo wọn, nítorí Sìkírátù fúnra rẹ̀ ò mọ Faransé kọ, kò sì mọ̀ ọ́n kà. Sìkírátù kó wọn délé, ó tò wọ́n sórí ẹní. Funfun. Ó wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Ó ṣe é bíi pé ogójì ọmọ jókòó níhòòhò síwájú òun.

Ó ṣe bí Célestine ti wí, kò fọwọ́ kan funfun yẹn. Ìṣẹ́tí nìkan ló ní òun máa fi sí i. Ó kó bébà búlúù, ó rì í bọ íńkì, ó sá a, ó tún rì í bọ̀, bí ìyá rẹ̀ ti ń rẹ aṣọ títí yóò fi dú tí yóò máa dán. Ó gé e ní ìwọ̀n àtàǹpàkò, ó lẹ̀ ẹ́ yí káàdì kọ̀ọ̀kan ká, ó sì lẹ̀ ẹ́ yí àpò lẹ́tà wọn náà ká kí ìyá àti ọmọ lè bára mu. Ti Gaston, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ dára ju gbogbo wọn lọ, ìka méjì ló fún un. Funfun náà wá ràn bí oṣù. Inú Sìkírátù dùn débi pé ó gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sìlífátù, tó ń kiri àwo tánńganran láti àdúgbò dé àdúgbò, ló bá a pín wọn láti ojúlé dé ojúlé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ló padà dé.

“O ṣe é o, Sìkírá,” Sìlífátù ní, ó sọ igbá kalẹ̀. “Káàdì rẹ wọ̀ wọ́n lákínyẹmí ara. Ìyá kan ní láti jókòó kó tó lè gbà á. Òmíràn ń da omi lójú. Mi ò rí irú ìdúpẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.”

Sìkírátù sun oorun àwọn tó ṣe rere lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn Célestine ti dé Rio nígbà tí ara rẹ̀ ṣì wà lókèèrè. Ó na káàdì kan sókè. Ó ní láti ìdájí ni èèyàn ti ń wọ́ wá sílé òun pẹ̀lú àbẹ́là àti ẹkún. Ó ní Victorine ìyá ọkọ ìyàwó wọ aṣọ dúdú látorí dé ẹsẹ̀, ó ṣubú lé òun lọ́rùn, ó gbójú sókè, ó rí Marie-Thérèse tó ń gbálẹ̀, ó sì ká ìró sókè sá jáde bí ẹni tó rí òkú.

“Mo bi wọ́n pé ta ló kú. Wọ́n ní àwọn ló yẹ kí àwọn bi mí.” Ó ju káàdì náà sórí káńtà. “Lẹ́tà tí wọ́n bá fi dúdú yí etí rẹ̀ ká, lẹ́tà òkú ni, kò sẹ́ni tó máa dúró kà á kó tó bú sẹ́kún. Àwọn Fadá mọ̀ ọ́n, ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Gbogbo Libreville ló mọ̀ ọ́n, àyàfi ìwọ.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ èébú. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ báyìí, ẹ máa gbọ́ ọ tó bá yá. Buraimoh dúró lẹ́yìn káńtà títí ó fi parí. Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́.

“Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.”

Ó mú ewé bébà ìyeyè kan, ó ká a ṣóńṣó, ó bu ẹ̀pà sí i.

Ojú Sìkírátù ṣú. Ìtìjú mú un, ìbínú náà mú un, nítorí dúdú yẹn rẹwà, ó ṣì ń rẹwà níbi tó wà lórí káńtà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

“Màdáàmù, ẹ fún mi di ọjọ́ Jímọ́ọ̀,” ó ní. “Màá dé ilé kọ̀ọ̀kan fúnra mi.”

Ó gé bébà ìyeyè tín-ín-rín tín-ín-rín, ó po làfún sínú abọ́, ó gbé e rù, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n. Bó bá ti wọ ilé kan, á kúnlẹ̀, á ní kò sẹ́ni tó kú, á gba káàdì, á lẹ ìyeyè bo dúdú, á fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ, á sì gba ẹ̀sín tirẹ̀ lọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fún un lómi mu. Bàbá àgbà kan ní Atong Abè kò fẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ó ní òun ti sunkún tán, òun ò lè sunkún lásán. Sìkírátù bẹ̀ ẹ́ títí.

Káàdì mọ́kàndínlógójì ló tún ṣe. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ló dé Sibang, ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Ọkùnrin kan jókòó síwájú ilé nínú kóòtù dúdú, oòrùn ń lù ú, àpótí aṣọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àpò lẹ́tà tó ní ìṣẹ́tí ìka méjì wà lórí orúnkún rẹ̀. Kò tíì já a.

“Ẹ káàsán, Misíọ̀ Gaston,” Sìkírátù kí i. “Èmi ni mo ṣe káàdì yẹn.”

“Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti wọ kóòtù yìí,” ọkùnrin náà ní, kò wò ó. “Ojoojúmọ́ ni mò ń ní mo ń lọ. Mi ò lè já a. Ìdílé wa ò pọ̀ mọ́. Mo mọ ẹni tó máa jẹ́.”

Sìkírátù sọ abọ́ làfún kalẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé bí ọkùnrin yìí bá mọ̀ pé ìgbéyàwó ni, ó lè bọ́ kóòtù, kó sì wọlé. Bó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, á lọ, ohun tí Célestine ń wá á sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó wo àpò lẹ́tà náà, ó rí i pé etí rẹ̀ ti rún lọ́wọ́ ọkùnrin náà, kò sì lè dá a lóró títí dé Atong Abè.

“Célestine ò kú,” ó ní. “Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló bú mi fún odidi wákàtí kan.”

Gaston gbójú sókè. “Kí ló ní?”

“Ó ní orí mi dà bí ìkòkò tó jó nídìí.”

“Ìyá wa ló ni ìyẹn,” Gaston ní.

“Ó ní bí wọ́n bá fi mí ṣọ́ adìẹ, adìẹ ló máa wá ṣọ́ mi.”

“Ìyẹn náà, ìyá wa.”

“Ó ní kí Ọlọ́run fún mi lọ́kọ tó ń hanrun bíi lọ́rì tó fẹ́ gòkè.”

Gaston ronú díẹ̀. “Ìyẹn tirẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ ló ń hanrun bẹ́ẹ̀.” Ẹ̀rín mú un, ẹ̀rín náà di ẹkún, ó fi etí kóòtù nu ojú. “Mo ti ro ohun tí mo máa sọ fún un létí pósí. Mo fẹ́ sọ pé kó máa mú ẹ̀rọ ìránṣọ lọ.”

“Ẹ lè lọ sọ ọ́ fún un nígbà tó ṣì lè dá yín lóhùn,” Sìkírátù ní.

Ó wá na ọwọ́ gba káàdì, ó ti fa ìyeyè yọ. Gaston fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

“Má lẹ̀ ẹ́,” ó ní. “Fi tèmi sílẹ̀.”

Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n bá dé Atong Abè. Célestine wà lórí ẹ̀rọ, ó ń rán aṣọ ìyàwó. Nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò dá ẹsẹ̀ dúró, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Gaston ní òun wá sọ fún un pé ti Célestine ni ẹ̀rọ yẹn. Célestine bi í pé ta ló bi í. Ó tún rán ìwọ̀n ọwọ́ kan sí i kó tó rí i pé ìlà náà ti wọ́, ó sì gbórí lé aṣọ funfun náà, ó bú sẹ́kún. Sìkírátù gbé abọ́ làfún rẹ̀, ó rọra jáde.

Lọ́jọ́ Ajé lẹ́yìn ìgbéyàwó, Célestine tún dé Rio. Buraimoh ká ọwọ́ gbera, ó bi í bóyá ẹjọ́ ló tún gbé wá.

“Ẹjọ́ wo?” Célestine ní. “Iṣẹ́ ni mo gbé wá.” Ó tẹ̀ sórí káńtà, ó bá Sìkírátù sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Arábìnrin ọkọ mi wà ní Port-Gentil. Ọdún mẹ́rin ni a ti ń bínú síra wa. Ṣe ọ̀kan fún mi sí i. Fi dúdú yẹn yí i ká, ìka mẹ́ta.”

Lójú Buraimoh, Sìkírátù mú àlùmọ́gàjí jáde nínú àpótí, ó sì fa bébà ìyeyè kan yọ.

“Ìyẹn ò ṣe é ṣe lẹ́ẹ̀mejì, Màdáàmù,” ó ní. “Màá ṣe èyí dáadáa. Ẹ̀yin lẹ máa wọkọ̀ lọ fi lé e lọ́wọ́.”

Célestine ka owó sórí káńtà.

“Ó dáa,” ó ní. “Jẹ́ kí ìṣẹ́tí rẹ̀ fẹ̀.”