Oorun Bàbá Rábíù

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Ojúlé ní Èjìgbò, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo kọ́kọ́ kí. Yàrá náà ṣókùnkùn, ojú mi kò sì tíì kúrò nínú oòrùn. Mo rí ohun kan tó dúró gbọn-in, tó da aṣọ funfun borí, mo rò pé ọ̀gá ni. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Obìnrin kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé bú sẹ́rìn-ín. "Kò ní í dá ọ lóhùn o, ọmọ mi. Àfi tí o bá yí i lọ́wọ́."

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ padà sílé wa ní ìlú Ara lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, kò sì sí ohun tí kì í bà mí lẹ́rù: pé n kò ní í mọ iṣẹ́, pé wọn yóò mọ̀ pé n kò mọ iṣẹ́, pé bí mo bá mọ̀ ọ́n tán, kò ní í sí ẹni tó máa ka ohun tí mo bá kọ.

Obìnrin yẹn ni Màmá Táyé, atẹ̀wé wa. Wọ́n á ki sitẹ́ńsù, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ìda pa lára, bọ inú taipuráítà. Bí wọ́n bá ti ń tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á lu ìda náà, kí yínkì lè gba ibẹ̀ bọ́ sórí bébà funfun nígbà tí a bá yí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n taipuráítà òyìnbó ni. Kò mọ àmì ohùn, kò sì mọ ẹ yàtọ̀ sí e. Iṣẹ́ mi ni láti fi kálàmù onírin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fi gbogbo àmì sí i. Bí ọwọ́ bá le jù, bébà á ya. Bí ọwọ́ bá rọ̀ jù, àmì kò ní í hàn. Màmá Táyé ní àwọn àmì tèmi dà bí ẹni pé òtútù ń mú wọn.

Ọ̀gá wa ni Alhaji Làsísì. Patíróò ni gbogbo wa ń pè wọ́n, bí àwọn tó ti Àbíjàn dé ṣe ń pe ọ̀gá. Àbíjàn ni wọ́n ti ta aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó padà wálé wá dá ìwé ìròyìn sílẹ̀. Nígbà tí mo bi wọ́n ní ìdí rẹ̀, wọ́n ní, "Ìdajì ìlú wa ń gbé ní Àbíjàn, ìdajì kejì ń retí wọn. Ṣé kò yẹ kí ẹnì kan máa sọ fún wọn bí ara wọn ṣe wà?" Bọ̀dá Músá, awakọ̀ tó ń kó ẹrù láti Àbíjàn, ló ń bá wa mú ìkíni wá fún ojú ìwé kejì. Kò sí ìgbà tó dé tí kì í gbé ẹrù kékeré kan wá láti ọ̀dọ̀ Bàbá Rábíù, ọ̀rẹ́ Patíróò tí wọ́n ṣì wà ní Àbíjàn, fún Ìyá Rábíù, ìyàwó wọn ní Ìsúndunrin.

Lọ́jọ́ kan, Bọ̀dá Músá dé, ojú rẹ̀ pọ́n, eruku bò ó. Kò sí ẹrù Bàbá Rábíù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Rábíù ńkọ́?" Patíróò bi í.

Ó ṣí fìlà, ó mí kanlẹ̀. "Hùn, Patíróò. Bàbá ti sùn o. Mo délé wọn, wọ́n ní Bàbá ti sùn. Ni mo bá yí padà."

Ta ni kò mọ̀ pé a kì í la ẹnu gbàgà sọ pé àgbà kú? Àgbà a máa sùn ni. Patíróò dorí kodò. Wọ́n ní kí a fún Músá lómi, kó lọ sinmi. Mo ti la ẹnu láti béèrè ohun tí wọ́n kọ́ wa pé oníròyìn gbọ́dọ̀ béèrè: nígbà wo, báwo, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Patíróò fi ojú bá mi wí. Nígbà tí Músá jáde, wọ́n ní, "Má tú u wò. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, a kì í bọ́ ọ láṣọ."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, Músá ti forí lé ọ̀nà Àbíjàn padà.

Patíróò kò jẹ́ kí a tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde títí àwọn àti Lèmọ́mù fi lọ túfọ̀ ní Ìsúndunrin. Wọ́n ní ìwé ìròyìn kì í sáré ṣíwájú ẹbí dé ọ̀dọ̀ opó. Mo fẹ́ràn òfin yẹn. Ó jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ pé ibi tó dára ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá Rábíù sunkún, wọ́n ṣe sàráà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ opó ṣíṣe. Èmi ni mo kọ ìròyìn náà. Omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, inú mi sì ń dùn pé ó dùn ún kà, inú mi wá tún bàjẹ́ nítorí pé inú mi dùn.

Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí Músá kò sì tíì padà dé, mo ń fi àmì sí sitẹ́ńsù lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni bàbá kan wọlé pẹ̀lú àpò ńlá. Mo kúnlẹ̀.

"Kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Bọ́ọ̀n," wọ́n fi Faransé àwọn ará Àbíjàn kún un, "Làsísì dà?"

"Wọ́n lọ sí mọ́sálásí, sà."

"Ó dáa. Gbà." Wọ́n fún mi ní búrẹ́dì gígùn bí ọ̀pá, irú ti Àbíjàn. Ebi ń pa mí, mo bù ú jẹ. "Kí ló ṣe àwọn èèyàn ìlú yìí? Láti gáréèjì, ẹni tí mo bá ti kí, eré ló ń sá."

Mo gbọ́ gbì lẹ́yìn mi. Màmá Táyé ti fo ìjókòó, wọ́n ti wà níta fèrèsé. "Ọmọ Ara! Jáde! Bàbá Rábíù nìyẹn! Má gba nǹkan lọ́wọ́ wọn o!"

Búrẹ́dì há mi lọ́fun. N kò fojú kan Bàbá Rábíù rí, ìdí nìyẹn tí n kò fi sá. Àkúdàáyà ni Màmá Táyé pè wọ́n, òkú tó dìde lọ ń gbé ìlú mìíràn bí alààyè. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí pé ẹ̀rù bà mí níṣojú wọn. Mo tún ń rò ó bóyá ó bójú mu kí n tu búrẹ́dì àgbàlagbà dànù. Mo gbé e mì.

Patíróò dé, wọ́n dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. "Bó bá jẹ́ ìwọ ni, kí lo máa ń pè mí ní Àbíjàn?"

"Patíróò tí kò lọ́mọọṣẹ́! Làsísì, ṣé orí ẹ dàrú ni?"

Patíróò sáré dì mọ́ ọ̀rẹ́ wọn. Ibẹ̀ la ti gbọ́ ọ pé ibà díẹ̀ ló ń ṣe Bàbá Rábíù lọ́jọ́ tí Músá lọ sílé wọn, wọ́n sì tètè wọlé lọ sùn. Wọ́n sùn, ilẹ̀ mọ́, wọ́n jí.

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá Rábíù dé Ìsúndunrin nírọ̀lẹ́, ìyàwó wọn ti ilẹ̀kùn pa. Àwọn àna wọn dúró lókèèrè, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ padà síbi tí wọ́n ti wá. Ilé Patíróò ni wọ́n padà wá sùn. Láàárọ̀, mo bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, àpò Iléyá wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, wọn kò tú u. Àánú wọn ṣe mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Nítorí ilé yẹn ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, ilé náà kò sì mọ̀ wọ́n mọ́.

"Ìwé wa ló pa á," ni Patíróò wí. "Ìwé wa ló máa jí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ká kó ẹ̀rọ yìí tà."

"Kí la fẹ́ kọ?" Màmá Táyé béèrè. "Pé wọn ò kú? Ẹnu wa yìí náà la fi ní wọ́n kú. Òkú náà ṣáà lè bẹ̀ wá pé ká ní òun wà láàyè."

Mo bá béèrè. "Màmá, bí àkúdàáyà bá rí ojúlùmọ̀, kí ló máa ń ṣe?"

"Á pòórá ni. Ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ló ń lọ."

"Ṣé ó máa ń padà sílé?"

"Kó wá ṣe kí ni? Sáàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n?" Màmá Táyé gbé ọwọ́ kúrò lórí taipuráítà. Wọ́n wò mí. Wọ́n ki sitẹ́ńsù tuntun bọ taipuráítà, wọ́n ní, "Máa pè é, kí n máa tẹ̀ ẹ́."

Mo kọ ọ́ pé àwa la ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, a sì tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ pé: "Àkúdàáyà a máa sá fún ojúlùmọ̀. Bàbá Rábíù ń wá ojúlùmọ̀ kiri, ojúlùmọ̀ ló ń sá. Nínú àwa àti wọn, ta ni ká pè lókùú?"

Patíróò fúnra wọn ló kà á sókè níwájú ilé Bàbá Rábíù ní Ìsúndunrin, pẹ̀lú Lèmọ́mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn èèyàn dúró lókèèrè. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó tún bo ẹnu. Ilẹ̀kùn kò mira. Ọkàn mi ti ń rẹ̀wẹ̀sì nígbà tí ohùn Ìyá Rábíù jáde láti ojú fèrèsé.

"Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ sọ fún mi lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ?"

"Mo ní o ò gbọdọ̀ ta òbúkọ mi," Bàbá Rábíù dáhùn. Wọ́n wo ìdí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. "Ó tiẹ̀ dà? N ò rí i níbi ìso."

Patíróò yíjú sí Lèmọ́mù.

"A ò tà á," ni Ìyá Rábíù wí. "Òun la fi ṣe sàráà yín."

"Òbúkọ mi! Ẹ pa òbúkọ mi nítorí èmi? Ta ló jẹ ẹ́?"

Lèmọ́mù ń wo ilẹ̀. Patíróò wúkọ́. "Itan kan ni wọ́n fún mi."

"Làsísì! O jẹ itan òbúkọ mi, o tún wá ń kàwé fún mi!"

Ẹ̀rín bú jáde láti gbogbo agboolé. Láàárín ẹ̀rín náà la gbọ́ tí wọ́n fa ọ̀pá ilẹ̀kùn. Ìyá Rábíù yọjú, ẹkún ń gbọ̀n wọ́n, ẹ̀rín ń gbọ̀n wọ́n. "Ọkọ mi ni," ni wọ́n wí. "Òkú kan ò lè ya ahun báyìí." Wọ́n gba àpò lọ́wọ́ ọkọ wọn, wọ́n gbé e wọlé.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Bàbá Rábíù gba gbogbo Ojúlé tó kù lọ́wọ́ wa, wọ́n ní àwọn máa bá wa tà á. Láti òpópónà ni mo ti ń gbọ́ ohùn wọn: "Ẹ ra Ojúlé! Òkú ló ń tà á!" Kò ku ẹyọ kan.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá mú ìròyìn wá pé àgbà kan sùn, mo máa ń béèrè pé, "Ṣé irú èyí tí wọ́n ń jí ni?" Patíróò kì í fojú bá mi wí mọ́. Màmá Táyé ṣì ní òtútù ń mú àwọn àmì mi. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé àwọn tí mo ń fi àmì sí orúkọ wọn, èèyàn tó nílé ni, ìyẹn sì ń mú kí n rọra tẹ̀ ẹ́.

Bàbá Rábíù ti wálé pátápátá báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú ìwé tuntun lọ fún wọn ní Ìsúndunrin. Ìyá Rábíù nìkan ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí.

"Bàbá ńkọ́, Màmá?"

"Wọ́n ti sùn."

Àyà mi já. Ìyá Rábíù rí i lójú mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fa aṣọ tó bo ẹnu ọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo dúró síbẹ̀, ìwé ìròyìn lọ́wọ́ mi, títí mo fi gbọ́ ìhanrun wọn.