Kòkòrò tí Ìyá Afeezat Rò Pé Òun Pín Káàkiri

Ẹni tó bá ń wá Ìyá Afeezat ní ọsibítù aládàáni kékeré kan báyìí ní Òkè-Ṣopẹ́n, kó má wulẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kó gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi tí àwọn báàfù mẹ́ta wà. Ibẹ̀ ló ti ń fọ rọ́bà gígùn tí dókítà máa ń tì bọ ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn láti fi wo inú rẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tó ti wà lẹ́nu ẹ̀, ẹ má sì bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ fífọ̀. Tó bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tán, kó tó rì í sínú oògùn, á bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, á wá fi ìka lásán tọ́ rọ́bà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní ìbọ̀wọ́ kò mọ ìdọ̀tí, ìka ló mọ̀ ọ́n.

Tí aago méjìlá bá lù, òun náà ló ń bomi sí gààrí gbogbo ilé. Gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa ni, pẹ̀lú ẹ̀pà àti omi tútù, nínú abọ́ ńlá kan. Ṣíbí kan ṣoṣo ló ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣíbí tòun, wọ́n á bi í bóyá ìdọ̀tí ló rí lẹ́nu àwọn. Dókítà Akínọlá nìkan ni kì í bá wọn mu ún. Búrẹ́dì àti ẹyin ni tiẹ̀, nínú ọ́fíìsì, tòun ti fọ́ọ̀kì.

Lọ́dún tó kọjá ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta obìnrin yìí. Òun tó máa ń jágbe mọ́ aláìsàn pé kí ló dé tí wọn ò tètè wá, oògùn funfun inú ìgò ló ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tó ń mu bí ẹni mu ògì. Afeezat, ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì l'Ágọ̀-Ìwòyè, bẹ̀ ẹ́ títí pé kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí inú bá ti bí Ìyá Afeezat, Ìjẹ̀bú ló máa ń sọ. "Ebi ló wà ní unú yìí," ló dá ọmọ lóhùn, ó sì pa fóònù.

Ìgbà tí Nọ́ọ̀sì Tóyọ̀sí dé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tuntun fún àwọn nọ́ọ̀sì ni nǹkan yí padà. Ó ní gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀, pàápàá àwọn tó ń sún mọ́ rọ́bà yẹn, ní láti ṣe àyẹ̀wò. Èsì jáde. Kòkòrò tíntìntín tó ń gbé inú àpòlúkù, tó máa ń dá ọgbẹ́ síbẹ̀, wà lára Ìyá Afeezat. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé ó lè ti ẹnu ẹnì kan dé ẹnu ẹlòmíràn, ó sì lè ti inú ìdọ̀tí bá ọwọ́ wọlé. Ó sọ̀rọ̀ iṣẹ́, ó sọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́, ó sọ̀rọ̀ omi, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló wọ obìnrin náà létí. Nínú àwọn mẹ́fà tó ń mu gààrí, mẹ́rin ló ní in. Ṣíbí yẹn ló wá sí i lọ́kàn lójú ẹsẹ̀.

Ó lo oògùn ọjọ́ mẹ́rìnlá rẹ̀ pé, bó tilẹ̀ mú ẹnu rẹ̀ korò. Ṣùgbọ́n kò dé ìdí abọ́ mọ́. Lọ́jọ́ kìíní ó ní ààwẹ̀ nọ́fílà lòun ń gbà, lọ́jọ́ kejì bẹ́ẹ̀, títí tí Mary tó ń gba káàdì fi rán ènìyàn sí i láti bẹ̀ ẹ́, torí wọ́n rò pé ó ń bínú. Kò bínú. Ojú ló ń tì í. Ó gbà pé òun lòun kó àìsàn ràn àwọn tó fẹ́ràn òun, ẹ̀rù sì ń bà á pé ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀, kò sí ẹni tó máa fẹ́ bá òun jókòó mọ́. Ó kọ ìwé pé òun fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, òun fẹ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n òun yan ẹja ní Ìbíadé.

Dókítà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ìyá Afeezat, ta ló ní ẹ̀yin lẹ kó o ràn wọ́n?"

Obìnrin náà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ abọ́ àti ṣíbí.

"Mi ò fi ẹnu kan gààrí yín rí," ni dókítà wí. "Èmi náà ní in."

Ó ní ọdún kọkàndínlógún rèé tí òun ti ń tẹrí ba wo ọ̀fun àwọn ènìyàn, tí wọ́n ń gùfẹ̀, tí wọ́n ń bì sí òun lójú. Iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ ní ewu tiẹ̀. Ó lè jẹ́ omi tí kálukú mu nígbà èwe ló fà á, ó lè jẹ́ ìka lásán yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ. Kí oníkálukú ní ṣíbí tirẹ̀, kí ìbọ̀wọ́ má sì kúrò lọ́wọ́ mọ́, ó tán.

Ìyá Afeezat sunkún díẹ̀, ara rẹ̀ fúyẹ́. Bó ṣe ń nu ojú rẹ̀ ló rí páálí oògùn lẹ́yìn ìwé lórí tábìlì, irú èyí tí òun lò gan-an. Eruku ti bò ó. Wọn ò tíì ṣí i.

Ó bi dókítà pé látìgbà wo. Dókítà ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé àwọn aláìsàn ti pọ̀ jù, òun á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ìyá Afeezat jáde, ó bu omi wá, ó ṣí páálí náà fúnra rẹ̀, ó sì ka hóró oògùn àárọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ gbé e mì níṣojú mi," ló wí. "Mo sì ń bọ̀ lálẹ́."