Sídì tó Bo Ife Kunu

Títí dòní, bí òórùn atalẹ̀ inú kunu bá ti kàn mí nímú, yàrá màmá tíṣà kan ní Nasarawa Gwong, nílùú Jos, ni ọkàn mi máa ń lọ. Nígbà náà, ẹ̀ńjíníà kọ̀ǹpútà ni mí. Kò sẹ́ni tó fún mi lóyè náà o, èmi ni mo fi ara mi jẹ ẹ́. Ọmọ Èkìtì ni màmá, ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ọkọ rẹ̀ sì ti ṣaláìsí. Kí bàbá tó lọ, ó ki oríkì àwọn ọmọ-ọmọ wọn sínú kọ̀ǹpútà, nítorí Hausa yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ohùn yẹn nìkan ló kù fún màmá.

Ihò tí wọ́n ń ki fláàṣì bọ̀ lára kọ̀ǹpútà náà ti bàjẹ́, ó ku ẹyọ kan. Mo bá ra káàdì oníhò mẹ́rin, mo dè é mọ́ inú rẹ̀. Mo da ẹ̀dà gbogbo nǹkan sínú háàdì, àpótí ìpamọ́ kékeré tí mo so mọ́ káàdì náà, mo tì í kó má baà ṣí lára kọ̀ǹpútà mìíràn, mo sì ṣe fláàṣì tí a fi ń jí kọ̀ǹpútà tó bá dákú. Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó dákú lónìí, ẹ ó gbọ́ ohùn bàbá lọ́la." Ṣé mo dán an wò? Rárá o. Ẹ̀ńjíníà mà ni mí.

Kò pẹ́, ó dákú lóòótọ́, gbogbo ohun inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Mo ki fláàṣì mi sí ihò kan ṣoṣo tó kù, kọ̀ǹpútà jí, mo tiẹ̀ ń súfèé. Àmọ́ nígbà tí mo ní kó gbé ẹ̀dà wa jáde, ó ní òun ò rí háàdì kankan. Òógùn bò mí nínú òtútù Jos. Fláàṣì náà kò mọ káàdì àjèjì tí mo dè mọ́ kọ̀ǹpútà, torí n kò fi dráífà káàdì náà, ìyẹn ètò tí a fi ń dá a mọ̀, sínú rẹ̀. Mo wá dráífà ọ̀hún lórí ayélujára títí, n kò rí i. Inú sídì tó bá káàdì wá ló wà, mo sì ti jù ú nù ní yàrá yẹn gan-an, pé nǹkan àtijọ́ ni.

"O ò dán an wò?" ni màmá béèrè. "Haba! O ò jókòó ṣèdánwò, o ti fún ara rẹ ní máàkì." Ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì mí.

Mo júwe sídì náà fún un. Ó na ọwọ́ sí ife kunu rẹ̀: sídì ọ̀hún ló fi bò ó nítorí eṣinṣin! Màmá kì í da nǹkan kan nù. Mo nu kunu tó gbẹ mọ́ ọn kúrò, mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Bukuru, mo tún fláàṣì náà ṣe pẹ̀lú dráífà nínú rẹ̀, mo sì padà. Lọ́tẹ̀ yìí n kò súfèé. Háàdì yọjú. Nígbà tó yá, ohùn bàbá gba inú yàrá, ó ń ki ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ náà, tó jókòó tì wá níbẹ̀, fẹ́ mọ ohun tí bàbá sọ. Ó ní, "Kaka, me ya ce?" Màmá ń sunkún, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Láti ìgbà náà, n kì í ṣe fláàṣì fún ẹnikẹ́ni kí n má kọ́kọ́ fi jí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí n sì rí i pé ó gbé ẹ̀dà jáde lójú ara mi. Àmọ́ ohun kan wà tí n kò sọ fún màmá rí: bàbá tèmi kú, n kò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, èmi tí mo ń fi ẹ̀rọ ṣakọ káàkiri. Ó dùn mí gan-an. Nígbà mìíràn mo máa ń yà lọ́dọ̀ màmá, màá ní mo wá wo kọ̀ǹpútà. Á tan ohùn ọkọ rẹ̀, àwa méjèèjì á jókòó gbọ́ ọ. Kò bi mí rí pé kí ló bàjẹ́.