Àlàfo Inú Sàfù

Ṣùkúrátù Àtàndá kì í rí àlàfo nínú sàfù, ìlà àwọn tó ń kírun, kó má dí i. Ní mọ́ṣáláṣí wọn ní Kétu, òun ló máa ń fa àwọn obìnrin lápá kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀: "Ẹ sún mọ́ra, ẹ má fàyè sílẹ̀ fún Ṣàtánì!" Àwọn kan ní ó dà bí ẹni tó ń kó èrò sọ́kọ̀.

Ó gbé ìwà náà dé ibi iṣẹ́. Ní láàbù kékeré kan n'Íkòsí, wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa rí májèlé inú ẹ̀pà tó ti bu, kó tó dọ́jà Mile 12. Orí pátákó wúrà tí kò tó èékánná ni wọ́n ń lẹ purotéènì mọ́, bí ọwọ́ wẹ́wẹ́ tí ń gbá májèlé mú. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n kàn ń dà wọ́n sí i: òmíràn dojú bolẹ̀, òmíràn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Májèlé tí kò bá pọ̀, ẹ̀rọ kì í rí i. Ṣùkúrátù ló wá èròjà tó ń di ìdí wọn mú, kí ọwọ́ wọn lè kọjú sókè. Inú ẹ̀ dùn, ló bá tò wọ́n ní sàfù, èjìká sí èjìká, bíi ti ọjọ́ Jímọ̀.

Ẹ̀rọ fọ́jú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Pátákó kan ṣoṣo ló kù. Dókítà Olúrántí, ọ̀gá wọn, sì ti ní tó bá di Ọjọ́bọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, àwọn á pa á tì. Iṣẹ́ ọdún méjì!

Ṣùkúrátù gbàdúrà títí. Kò rí ìdáhùn. Ohun tí kò lè sọ fún Àfáà wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ṣé Ọlọ́run tiẹ̀ ń dá sí ohun tó kéré báyìí?

"Àǹtí Ṣùkúrá," ni Testimony, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wí, "májèlé fẹ́ wọlé, ẹ ò fún un láyè. Ta ló máa ráyè na ọwọ́ nínú èrò yẹn?"

"Ìwọ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí lo mọ̀ nípa sàfù?"

"Mi ò mọ nǹkan kan o, mà. Ṣùgbọ́n ṣé àwọn purotéènì yẹn ti ṣe Ṣàhádà di Mùsùlùmí ni?"

Ẹ̀rín ti pa á kó tó rántí bínú.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó po purotéènì náà fẹ́ẹ́rẹ́, kí àlàfo lè wà láàárín wọn. Ó ń ṣe é bí ẹni tó ń dẹ́ṣẹ̀. Ó kán omi ẹ̀pà tí májèlé inú ẹ̀ kò tó nǹkan sí i. Ìlà ojú ẹ̀rọ sùn, ó sùn, ó wá gbéra. Ẹ̀rọ ríran!

Testimony pariwo Halelúyà. Dókítà Olúrántí wò ó, ó tún un wò, ó ní, "Ẹ máa bá a lọ."

Ṣùkúrátù lanu láti sọ Alihamudulilai, ó kọ́kọ́ dúró ná. Gbogbo àdúrà tó ti gbà, pé kí àwọn purotéènì lè fún mọ́ra sí i ni. Àṣé Ọlọ́run ti ń sọ pé rárá láti ọjọ́ yìí wá. Àbí Testimony nìkan ló sọ ọ́? Ó kúkú sọ Alihamudulilai ọ̀hún, ó wá yíjú sí ọmọbìnrin náà.

"Ìwọ náà ṣeun," ló wí, wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́.