Àwàdà Tí Ó Gba Ìbò Lọ́wọ́ Àǹtí Dúpẹ́

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí ẹ mọ̀ mí yóò sọ pé Tíṣà tún ti dé, ó tún fẹ́ pa wá lẹ́rìn-ín. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ìbò tí wọ́n jí gbé lójú mi, ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mí jù lọ, kò sí olè kankan níbẹ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi dà á nù, pẹ̀lú ìdérí ìkòkò àti ṣíbí.

Ìbò káńsẹ́lọ̀ tó kọjá yìí ni mò ń sọ. Nígbà yẹn, mo ti lo ohun tó lé ní ogún ọdún nínú ẹgbẹ́ olùkọ́. Mo ti gbé páálí ìwọ́de kiri ìgboro, mo ti fa èéfín tajútajú símú. Àǹtí Dúpẹ́ ló kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀. Òun ni ọ̀gá mi níléèwé tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, obìnrin tí kì í pariwo, ṣùgbọ́n tí ó bá ti jókòó sójú ọ̀nà, mọ́tò ọlọ́pàá ni yóò wá ibòmíràn gbà. Nígbà tí ó fẹ̀yìntì, ó padà sí abúlé wa tí kò jìnnà sí Àjàgbà, ó ní òun fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń lé: afárá. Odò kan wà láàárín títì àti ibi tí àwọn ìyá wa ti ń fún epo. Pákó tí a tẹ́ lé e ti jẹrà. Tí òjò bá rọ̀, inú omi ni wọ́n ń ru kẹ́ẹ̀gì epo gbà. Ọ̀kan nínú wọn yọ̀ ṣubú níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Ọkùnrin tó ń bá a du ipò náà ti wà lórí àga tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá béèrè afárá, èsì rẹ̀ ni "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Nínú gúrúùpù wa orí fóònù, a kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ Tó Ń Bọ̀ là ń pè é.

Ọmọ ilé wa tó wà lẹ́yìn odi ló kún gúrúùpù yẹn. Ẹnìkan ò tíì fọ ẹnu tí àríyànjiyàn á ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wọn ni Ṣẹ́gun, tí ó ń ta táyà l'Ékòó, ṣùgbọ́n tí gbogbo wa ń pè ní Lọ́yà nítorí ẹnu rẹ̀.

"Lọ́yà, ṣé wàá wálé wá dìbò?" Mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ibí ni mo ti ń jà fún yín. Ogun orí afẹ́fẹ́ ni tèmi."

"Káàdì ìdìbò rẹ ńkọ́?"

"Èkó ló wà, sà."

"Ó dáa. Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ bá ẹ dìbò."

Kíá, àwòrán ojú ẹ̀rín kún gbogbo ibẹ̀. Inú mi dùn. Àìsàn mi gan-an nìyẹn: tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín, èmi á rò pé mo ti ṣiṣẹ́.

Àṣà kan wà nínú gúrúùpù náà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. Àwàdà àti ìjà, a máa ń tẹ̀ ẹ́ ni, Gẹ̀ẹ́sì á sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá kú, tàbí bí gbogbo ìlú bá fẹ́ jáde lọ ro ọ̀nà, ohùn ló ń wá: ohùn akéde ìlú wa, ní Ìkálẹ̀ gidi, agogo á kọ́kọ́ dún lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ìyá wa tí kò mọ̀wé kà, ohùn yẹn nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lọ́wọ́ á fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, wọn á jọ gbọ́, wọn á sì jáde. Kò sí ẹni tí í béèrè bóyá òótọ́ ni.

Ó ku ọjọ́ méjì kí a dìbò, mo jókòó nílé mi l'Ọ́kìtìpupa, mo fi ṣíbí lu ìdérí ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì sín akéde jẹ:

"Gbogbo ìlú, ẹ gbọ́ o! Ọ̀sẹ̀ Tó Ń Bọ̀ ní kí n kí yín. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé, àwọn tó gba ìrẹsì òun nìkan ni kó jáde. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dìbò fún Àǹtí Dúpẹ́, ẹ sinmi. Tiyín di ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn."

Yorùbá iléèwé ni mo fi kọ ọ́ síbí. Ìkálẹ̀ pọ́nńbélé ni mo fi sọ ọ́. Mo wá tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀rín ni o. Sátidé ni gbogbo wa ń dìbò."

Lọ́yà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí! Mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé."

Ohùn nìkan ló fi ránṣẹ́. Ohun tí mo tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ.

Ní Sátidé, mo gun ọ̀kadà dé abúlé wa. Ọ̀dọ́ díẹ̀ wà lórí ìlà níléèwé tí a ti ń dìbò. Àǹtí Dúpẹ́ ń wo ọ̀nà.

"Àwọn ìyá dà?"

"Wọ́n á máa bọ̀, mà. Bóyá wọ́n ń fún epo lọ́wọ́."

Wọn ò dé. Nígbà tí wọ́n ń ka ìbò, mo dúró tì wọ́n bí ẹ̀ṣọ́, mò ń wá èrú, nítorí mo mọ èrú. N kò rí i. Ìbò tí Ọ̀sẹ̀ Tó Ń Bọ̀ fi ju Àǹtí Dúpẹ́ lọ kò tó iye obìnrin tó wà níbi epo.

Mo sáré la omi kọjá. Ìyá Fẹ́mi, olórí àwọn ìyá wa, ń fọ ìkòkò epo.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò jáde?"

"Jáde lọ síbo? Ọ̀la kọ́ ni tiwa? Akéde ti kéde." Ó fa fóònù yọ, ó tẹ̀ ẹ́. Ìdérí ìkòkò mi dún. "Fọkàn balẹ̀, Tíṣà. Gbogbo wa ti fọ aṣọ."

Mo kàn sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o," mo sì padà.

Mo sọ ọ́ fún Àǹtí Dúpẹ́. Ó bi mí pé, "O sọ fún wọn?"

"Rárá, mà."

"Àárọ̀ ọ̀la, kí o sọ fún wọn. Má fi sórí fóònù."

Gúrúùpù ti gbaná nígbà náà. "Wọ́n ti jí ìbò wa!" Lọ́yà ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ òtítọ́ síbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn? Ojú ẹ̀rín. "Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ ò ní pa wá!"

Kí la rí jèrè? Àwọn ọ̀dọ́ kan tò sórí ìlà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn, n kò ní fojú kéré ìyẹn. Ohun tí a sọ nù ni obìnrin kan ṣoṣo tó mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe. Mo sì jẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ ní gbèsè ọ̀rọ̀ kan: a ń bá ara wa ṣàwàdà lókè, a ò wo ẹni tó wà nísàlẹ̀ tó ń gbọ́ wa. Àwọn ìyá wa pọ̀ tó láti borí. Wọ́n gbà wá gbọ́, ìyẹn ló pa wọ́n lára.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà iléèwé. Wọ́n dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, káàdì lọ́wọ́ oníkálukú. Wọ́n tò sórí ìlà fúnra wọn níwájú ilẹ̀kùn iléèwé tí a tì pa, àgbà síwájú.

"Tíṣà, ṣé ìwọ ni wàá fi tàdáwà sí wa níka?" Ìyá Fẹ́mi ń rẹ́rìn-ín.

Mo sọ fún wọn. Ìyá Fẹ́mi béèrè pé, "Ta ló pa lẹ́rìn-ín?"

"Àwọn ará Èkó, mà."

Ó ká káàdì rẹ̀ mọ́ ìdí ìró. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, odò ti kún. Wọ́n bọ́ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ká aṣọ sókè, wọ́n wọ inú omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bọ́ bàtà tèmi náà, mo tẹ̀lé wọn.